Hàwáwù àti Omi Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó

Tábìlì tèmi àti ti Hàwáwù Ṣàíbù fara kan ara wọn fún ọdún púpọ̀ ní ọ́fíìsì ìwé ìròyìn Ojúmọ́ Èkó. Èmi ń kọ ìròyìn bọ́ọ̀lù àti ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, òun ń kọ ìròyìn òṣèlú. Bó bá ń tẹ taipuráítà, ife tíì mi á máa gbọ̀n lórí tábìlì tèmi. Ohun tí mo fẹ́ sọ nípa rẹ̀ yìí, púpọ̀ nínú rẹ̀ ṣojú mi, ìyókù sì ni èyí tó ti ẹnu òun fúnra rẹ̀ jáde.

Ọmọ Ìta Fájì ni. Inú agboolé tí bàbá bàbá rẹ̀ kọ́ ni wọ́n bí i sí, ní òpópónà kan tó há débi pé bí ará ilé ọ̀tún bá ń dín ata, ará ilé òsì ni yóò máa sín. Télọ̀ ni bàbá rẹ̀, Àlájì Ṣàíbù, agbádá àwọn èèyàn ńlá ni wọ́n sì máa ń rán. Ilé kéú ni wọ́n lọ, wọn kò ka ìwé òyìnbó, ṣùgbọ́n wọn kì í fẹ́ kí ìròyìn kankan kọjá lẹ́yìn àwọn. Nítorí náà, láàárọ̀, kí Hàwáwù tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́, yóò jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì, yóò máa ka ìwé ìròyìn fún wọn. Bó bá ka ohun kan tí kò bá bàbá lára mu, wọ́n á gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì, wọ́n á béèrè pé, "Ta ló fojú ara rẹ̀ rí i?" Hàwáwù á wo ìwé náà lókè, á wò ó nísàlẹ̀. Bí kò bá rí orúkọ ẹnì kankan, bàbá á ní, "Máa kà á lọ, ọmọ mi. Ẹni tó kọ ìyẹn, ó gbọ́ ọ ni, kò rí i."

Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa ní ọdún 1987, ìròyìn ìkómọ àti ìgbéyàwó ni olóòtú wa, Ọ̀gbẹ́ni Adéníyì, fún un. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni Adéníyì, ẹni tí kì í rẹ́rìn-ín kó tó jẹun ọ̀sán. Hàwáwù ò ráhùn. Ó ń ṣe ìròyìn ìkómọ bí ẹni ń ṣe ètò ìjọba. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò kúrò lára tábìlì àwọn tó ń kọ ìròyìn òṣèlú.

Ọdún kejì ni ọ̀nà là fún un. Ìgbìmọ̀ kan wà nígbà náà tí wọ́n ń pè ní Ìgbìmọ̀ Àtúnṣe Erékùṣù, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti tún àdúgbò ṣe. Ìgbìmọ̀ yìí kéde nínú gbogbo ìwé ìròyìn, tiwa náà sì wà níbẹ̀, pé àwọn ti kó gbogbo àkìtàn Ìta Fájì, pé kò ku ẹyọ kan. Hàwáwù wọlé láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó dúró níwájú Adéníyì.

"Ọ̀gá, àkìtàn tí wọ́n ní àwọn ti kó yẹn, mo kọjá lára rẹ̀ bí mo ṣe ń bọ̀."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Mo gbóòórùn rẹ̀ kí n tó rí i, sà."

Adéníyì pe Haleem, fọtógiráfà wa, ọmọ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó kan báyìí tí kò ga rárá ṣùgbọ́n tí ojú rẹ̀ mú. Àwọn méjèèjì jáde. Nígbà tí wọ́n padà dé, bàtà Hàwáwù ti bàjẹ́, inú rẹ̀ sì ń dùn bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ojú ewé àkọ́kọ́ gbé àwòrán rẹ̀: ó dúró ṣánṣán lórí òkè àkìtàn, ó gbé ìwé ìròyìn tí ìkéde ìgbìmọ̀ wà nínú rẹ̀ sókè bí àsíá. Kí oòrùn tó wọ̀ ni ọkọ̀ akólẹ̀ ti dé Ìta Fájì. Adéníyì rẹ́rìn-ín láìtíì jẹun ọ̀sán, ó sì fún ẹlòmíràn ní ìròyìn ìkómọ.

Ìgbà yẹn ni mo wá mọ irú ènìyàn tó jókòó tì mí. Hàwáwù kì í rìn gun àtẹ̀gùn ọ́fíìsì wa, sísá ló máa ń sá. Bó bá ti rí òkodoro ọ̀rọ̀ kan, ara rẹ̀ kì í balẹ̀ mọ́. Á jókòó, á dìde, á tún jókòó. Bó bá sì ń kọ ọ́, á máa sọ ọ́ lẹ́nu bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́, tó jẹ́ pé èmi náà, ẹni tó yẹ kí n máa kọ̀wé nípa bọ́ọ̀lù, á gbàgbé ẹni tó gbá góòlù.

Ọdún 1990 ni ọ̀rọ̀ ńlá dé. Ìjọba ológun ní kí ará ìlú dìbò yan alága ìjọba ìbílẹ̀ kí ọdún náà tó parí, Erékùṣù Èkó sì gbóná. Láti Ìsàlẹ̀ Èkó títí dé Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, wọ́n ń lẹ àwòrán mọ́ ògiri. Lẹ́ẹ̀ tẹni àkọ́kọ́ kò ní tíì gbẹ tí wọ́n á fi lẹ ti ẹlòmíràn lé e. Ẹni tí ariwo rẹ̀ pọ̀ jù ni Olóyè Kọ́lápọ̀ Ṣówándé, alága Ìgbìmọ̀ Àtúnṣe kan náà. Ọkùnrin tó yọ̀ mọ́ èèyàn ni. Ó mọ orúkọ ìyá olúkúlùkù, ọwọ́ méjèèjì ló sì fi ń bọ èèyàn lọ́wọ́. Ìlérí kan ṣoṣo ló ń ṣe kiri: òun yóò fún Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ní omi ẹ̀rọ.

Ẹni tí kò gbé ibẹ̀ nígbà náà kò lè mọ bí ìlérí yẹn ti tóbi tó. Ẹ̀rọ omi àdúgbò ti gbẹ tipẹ́. Méruwà, àwọn tó ń ta omi, ló ń ti ọmọlanke kẹ́ẹ̀gì kiri, ẹni tí kò bá sì lágbára rẹ̀ á lọ tò sídìí kànga kan tí omi rẹ̀ ní iyọ̀. Nítorí náà, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ dé tí wọ́n ń gbẹ́lẹ̀, tí wọ́n mọ pèpéle sìmẹ́ńtì kan sí iwájú gbọ̀ngán àdúgbò, tí ẹnu ẹ̀rọ sì yọ lára rẹ̀, tó ń dán yinrin, àwọn obìnrin jó.

Ìròyìn ayọ̀ ni Hàwáwù lọ kọ. Ó bá Màmá Ganiat, ìyá àgbàlagbà kan tó ń ta kẹrosíìnì lójúde ibẹ̀.

"Ẹ kú ọjà o, Màmá. Ibo ni wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ náà dé?"

"Ó gba ẹ̀yìn gbọ̀ngán lọ, ọmọ mi. Ibi ògiri ọ̀hún yẹn ni wọ́n bá a dé."

"Wọn ò gbẹ́ ẹ dé títì ńlá?"

"Títì kẹ̀? Títì ń bẹ lápá ibí. Ọ̀hún ni wọ́n forí lé."

Abẹ́ títì ńlá ni páìpù ìjọba wà. Kò sí ọmọ Èkó tí kò mọ̀ ọ́n. Hàwáwù tọ ojú ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ náà lọ títí tó fi já sí ògiri ọgbà kan tó ṣófo, tí wọ́n fi àgádágodo ti géètì rẹ̀. Ó sáré padà sí ọ́fíìsì. Kò kí ẹnikẹ́ni.

"Ọ̀gá, páìpù Olóyè ò lọ sí ibì kankan."

Adéníyì bọ́ awò ojú rẹ̀. "O rí páìpù náà?"

"Rárá, sà. Wọ́n ti bo ilẹ̀."

"Ìfura lo ní, kì í ṣe ìròyìn. Lọ bi Olóyè."

Ìkòyí ni Olóyè Kọ́lápọ̀ ń gbé. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣí ilẹ̀kùn fún Hàwáwù, ó gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún un, ó béèrè àlàáfíà gbogbo ará ilé wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Bí mo bá wọlé," ló wí, "màá nílò ẹni tí yóò máa bá àwọn oníwèé ìròyìn sọ̀rọ̀ lórúkọ mi. Ọ́fíìsì ń bẹ níbẹ̀, mọ́tò ń bẹ níbẹ̀, dírẹ́bà ń bẹ níbẹ̀. Ìwọ ni ọkàn mi mú."

"Ẹ ṣé gan-an, sà. Ibo ni omi Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ti ń bọ̀?"

Olóyè rẹ́rìn-ín. "Ibi tí omi ti máa ń wá náà ni. Wá ní Sátidé tí a ó ṣí ẹ̀rọ náà, wàá bu ú mu." Ó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Ibẹ̀ ló ti rọra fi kún un pé, "Bàbá rẹ ló ń rán agbádá tí màá wọ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣé wọ́n ti sọ fún ọ?"

Wọn ò sọ fún un. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ òun ti kọ́kọ́ wúwo. Ó gba ìdí ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ lọ tààrà. Agbádá náà wà lórí máṣíìnì, àwọ̀ búlúù, iṣẹ́ ọrùn rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

"Bàbá, Olóyè ní ẹ̀yin lẹ ń rán aṣọ òun."

"Èmi ni mo ti ń rán an láti ìgbà tó ti tẹ́ẹ́rẹ́."

"Bí mo bá kọ ohun tí mo rò, kò ní gbé aṣọ wá mọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà lè má gbé e wá mọ́."

Bàbá fi eyín gé òwú. "Ṣé o ti fojú rí i?"

"N ò tíì rí i."

"Má kọ ọ́ nígbà náà." Wọ́n wa máṣíìnì díẹ̀, wọ́n tún dúró. "Bí o bá sì wá rí i, má bi mí léèrè. Aṣọ ni mo bá a rán, n ò bá a rán irọ́."

Nígbà tí Sátidé dé, Hàwáwù ní kí èmi náà bá òun lọ. Ó ní èmi ni mo ga jù ní ọ́fíìsì, pé ó ṣeé ṣe kí òun nílò ẹni tó lè rí orí ògiri. Mo rò pé eré ló ń ṣe.

Ìta gbọ̀ngán kún fọ́fọ́. Kánópì wà, àwọn ọmọ ilé ìwé ń fun fèrè, aṣojú ìjọba láti òkè sì jókòó sí iwájú. Olóyè dé nínú agbádá búlúù, ó sì bá a mu. N kò ní purọ́ mọ́ iṣẹ́ Àlájì Ṣàíbù. Ó gé ríbọ́nù, ó yí ẹ̀rọ. Omi ya. Ariwo tó sọ níbẹ̀, bí góòlù ìdíje àṣekágbá ni. Màmá Ganiat fi ọwọ́ bu omi náà, ó mu ún, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

Mo wo Hàwáwù, àánú rẹ̀ ṣe mí, nítorí mo rò pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti forí ṣánpọ́n. Ṣùgbọ́n òun ò wo omi. Ó ti orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń tẹ́tí. Nígbà tí àwọn olófèrè sinmi díẹ̀, ó di apá mi mú.

"Ṣé o ń gbọ́ ẹ̀ńjìnnì?"

Mo gbọ́ ọ. Ó ń kùn lẹ́yìn gbọ̀ngán, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni ń hanrun.

Àwa mẹ́ta, èmi, òun àti Haleem, gba ọ̀nà kọ̀rọ̀ kan dé ẹ̀yìn ọgbà tó ṣófo náà. Mo nà gùn, mo yọjú lórí ògiri, ìlàágùn bò mí. Táńkà omi ńlá kan ló wà nínú ọgbà, ẹ̀ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, róbà gígùn kan sì ti inú táńkà wọ ilẹ̀ lọ. Géètì ò tì lọ́jọ́ náà. Hàwáwù kàn tì í ni, ó wọlé. Dírẹ́bà táńkà jókòó sí abẹ́ òjìji, ó ń jẹ búrẹ́dì. Bashiru ni wọ́n ń pè é, a mọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn náà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni Hàwáwù wí.

"O o, àǹtí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún àwọn ọ̀gá kí wọ́n tètè ti ẹ̀rọ yẹn. Omi inú táńkà ń lọ sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn kàn fẹ́ fi ya fọ́tò ni, wọn ò sọ fún mi pé gbogbo àdúgbò máa pọn ọ́n."

"Hàwáwù Ṣàíbù lorúkọ mi. Ojúmọ́ Èkó ni mo ti wá."

Búrẹ́dì dúró lẹ́nu Bashiru. Haleem ti ń ya àwòrán: táńkà, róbà, ibi tí róbà ti wọlẹ̀. Kò tíì yà á tẹ́rùn tí àwọn tọ́ọ̀gì Olóyè fi ya wọ inú ọgbà. Wọ́n já kámẹ́rà gbà, wọ́n ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n fa fíìmù jáde sínú oòrùn, gbogbo rẹ̀ nà gbọọrọ bí ìfun ẹja.

"Fọ́tò ti tán," ni ọ̀kan nínú wọn wí. "Lọ kọ ohun tó wù ẹ́. Ta ló máa gbà ẹ́ gbọ́?"

Wọ́n tì wá síta. Haleem di fíìmù tó ti jóná náà mọ́ àyà. Èmi ń wá ọ̀nà tí a óò gbà kúrò níbẹ̀. Hàwáwù dúró sójú kan, ó wo ògiri, ó wo ìta gbọ̀ngán, ni ẹ̀rín bá ń yọ lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó sáré bá Màmá Ganiat.

"Màmá, omi yẹn dùn?"

"Bí oyin, ọmọ mi."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe gbogbo ilé. Kí wọ́n gbé ohunkóhun tó lè gba omi jáde. Kí wọ́n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ti ẹ̀rọ náà."

"Kí ló dé?"

"Bó bá jẹ́ omi ìjọba ni, Màmá, kò lè tán."

Ó yé Màmá Ganiat. Obìnrin tó ti tajà láti kékeré ni, kò sẹ́ni tí yóò túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún un. Ó sán ìró rẹ̀ mọ́dìí, ó kọrí sí àárín òpópónà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ. Garawa ń jáde, báàfù ń jáde, ìkòkò, kẹ́ẹ̀gì, abọ́ ìwẹ̀ ọmọ ọwọ́. Bí ọ̀kan bá kún, òmíràn ti bọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tọ́ọ̀gì Olóyè fẹ́ lọ ti ẹ̀rọ, àwọn obìnrin fi ara dí i. Olóyè rí gbogbo rẹ̀ láti ibi tó ti ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n aṣojú ìjọba wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ló fẹ́ wí? Ó na ọwọ́ sí wọn, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n pọn ọ́n. Tiwọn ni. Omi yìí á máa ṣàn títí dé ọ̀dọ̀ ọmọ ọmọ wọn."

Omi náà tinrín, ó dà bí ìka. Ó tún tinrín, ó dà bí òwú. Ẹ̀rọ wúkọ́, ó tu ìwọ̀nba díẹ̀ jáde, ó wá ń fẹ́ atẹ́gùn: fùùù.

Ìta gbọ̀ngán pa lọ́lọ́. Obìnrin tí garawa rẹ̀ wà lábẹ́ ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀, ó yọjú wo ẹnu rẹ̀. Nínú ìdákẹ́ yẹn ni ẹ̀ńjìnnì ẹ̀yìn ògiri, tí kò rí omi fà mọ́, bẹ̀rẹ̀ sí í han gooro. Kò sẹ́ni tí kò gbọ́ ọ. Màmá Ganiat gbé garawa rẹ̀ kalẹ̀, ó tọ ohùn náà lọ, gbogbo àdúgbò sì tẹ̀lé e. Àwọn tọ́ọ̀gì tó rí ogunlọ́gọ̀ obìnrin yẹn tó ń bọ̀ kò dúró bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀. Àwọn obìnrin bá táńkà, wọ́n bá róbà, wọ́n bá Bashiru tó ká ọwọ́ sórí. Wọn ò fọwọ́ kàn án. Nígbà tí wọ́n fi máa padà síwájú, aṣojú ìjọba ti wọkọ̀, Olóyè náà sì ń kó agbádá rẹ̀ wọ mọ́tò.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn, taipuráítà Hàwáwù fẹ́rẹ̀ẹ́ gbiná. Adéníyì dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń fa ìwé yọ bó ṣe ń kún. A ò ní àwòrán, ṣùgbọ́n gbogbo Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ni ẹlẹ́rìí, orúkọ àwọn tó fojú rí i sì kún ojú ewé. OMI TÁN NÍNÚ Ẹ̀RỌ OLÓYÈ ni àkọlé rẹ̀. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, àwọn fẹ́ńdọ̀ tà á tán, wọ́n padà wá kan ilẹ̀kùn, a sì tún òmíràn tẹ̀. Mo rí àwọn ọkùnrin ní Ìsàlẹ̀ Èkó tí wọ́n kó ara wọn jọ lé ẹyọ kan lórí, tí ẹnì kan ń kà á, tí àwọn yòókù ń di ikùn mú.

Nígbà ìdìbò, a ò lo ìwé ìdìbò. Ṣe ni wọ́n ní kí olúkúlùkù tò sẹ́yìn àwòrán ẹni tó fẹ́, lójú gbogbo ayé. Ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, ẹ̀yìn àwòrán Olóyè Kọ́lápọ̀ ṣófo débi pé ewúrẹ́ kan lọ sùn síbẹ̀. Ó fìdí rẹmi. Alága tó wọlé bẹ̀rù àwọn obìnrin yẹn. Ó fa páìpù láti abẹ́ títì ńlá, Hàwáwù sì dúró tì wọ́n títí wọ́n fi so ó pọ̀.

Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ dùn. Àwọn ará Ìkòyí kò gbé aṣọ wá bá Àlájì Ṣàíbù mọ́, máṣíìnì bàbá sì dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Hàwáwù kì í sọ ọ́, ṣùgbọ́n oúnjẹ rẹ̀ ń ṣẹ́kù. Nígbà tí Ìtúnu Ààwẹ̀ ń bọ̀, Màmá Ganiat ru ẹrù aṣọ dé ṣọ́ọ̀bù, ó ní àwọn ọmọ ọmọ òun ló ni ín. Àwọn ìyá mìíràn tẹ̀lé e. Bàbá wá ń rán ṣòkòtò péńpé fún àwọn ọmọ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, wọ́n sì ń sọ pé oníbàárà tí kò lè dúró sójú kan kí àwọn wọ̀n ọ́n ló pọ̀ jù nísinsìnyí.

Hàwáwù àti Haleem so yìgì ní ọdún 1992. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ìlú gbọ́ ọjọ́ tí yìgì bọ́ sí, wọ́n sì fi ìpàdé lórí ilẹ̀ ọjà kan sí ọjọ́ náà gan-an, kí wọ́n lè tà á láìsí ariwo. Ẹnì kan wá sọ ọ́ sí ìyàwó létí. Bí àwọn àlùfáà ti ṣe àdúà parí, Hàwáwù kúnlẹ̀ tọrọ ààyè lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ àti àwọn àna rẹ̀, ó di ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, wọ́n sì lọ. Mo tẹ̀lé wọn. Mi ò lè gbàgbé ojú àwọn èèyàn yẹn nígbà tí ìyàwó wọlé nínú léèsì funfun, láàlì lọ́wọ́, tó jókòó sí iwájú, tó sì yọ bírò. Wọ́n wo ara wọn. Alága ìpàdé ní orí ń fọ́ òun. Ilẹ̀ náà ò ṣeé tà mọ́.

Ní ọdún 1994, àwọn ṣọ́jà ti Ojúmọ́ Èkó pa. Wọ́n mú Hàwáwù lọ sí àtìmọ́lé, ó sì pẹ́ níbẹ̀ ju bí a ti rò lọ. Nígbà tó jáde, ó ti rù, ṣùgbọ́n ìbéèrè ló ń bi wá kí a tó bi í. Haleem ṣí ilé fọ́tò ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Hàwáwù ń tẹ ìròyìn àdúgbò sórí ewé ìwé kan, ó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ìta rẹ̀. Àwọn èèyàn ń dúró kà á kí wọ́n tó lọ síbi iṣẹ́.

A padà ṣí ní ọdún 1998. Adéníyì ti fẹ̀yìn tì sí Iléṣà, wọ́n sì fi Hàwáwù ṣe olóòtú. Iṣẹ́ olóòtú ni kó jókòó kó máa rán èèyàn níṣẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ìgbìmọ̀ tuntun tí ará ìlú dìbò yàn kọ́kọ́ jókòó, mo rí i tó ń wá bàtà rẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Mo ní, "Olóòtú, ọmọdé púpọ̀ ló wà tó lè lọ." Ó ti ń sáré sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Nígbà tí mo fi dé gbọ̀ngán, alága tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó nu ojú, ó béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè. Ọwọ́ Hàwáwù ti wà lókè.